Tolkien, Fágúnwà, Rowling àti Àwọn Yòókù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ọ̀wọ́ Ìwé Ìtàn Abàmì

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn ń bi mí léraléra, nítorí náà mo kó wọn jọ síbí. Èyí tí ó rọrùn ló ṣáájú, èyí tí ó ta kókó ló kẹ́yìn.

Kí ni ìtàn abàmì gan-an? Ṣé àlọ́ kọ́ nìyẹn?

Ìtàn àròsọ ni, èyí tí ohun tí ojú kì í rí ní ojúmọmọ ti ń ṣẹlẹ̀: òkú ń sọ̀rọ̀, ẹranko ń di ènìyàn, ọ̀rọ̀ ẹnu ń ṣí ilẹ̀kùn, igbó ní ọba tirẹ̀. Fantasy ni Òyìnbó ń pè é, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ìbátan rẹ̀ ni àlọ́, ṣùgbọ́n àlọ́ kì í rántí. Ìjàpá lè kú lálẹ́ òní, kí ó sì tún jẹun ní ilé àna rẹ̀ lálẹ́ ọ̀la. Nínú ọ̀wọ́ ìwé, ẹni tí ó kú ní ìwé kejì, wọ́n ṣì ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní ìwé kẹrin. Ọgbẹ́ tí akọni gbà ní kékeré ṣì ń ta á nígbà tí ó darúgbó. Ìrántí yẹn ni ó ń mú kí ènìyàn lè tẹ̀ lé ìtàn kan fún ọdún mẹ́wàá.

N kò ka irú rẹ̀ rí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

Bí ẹ bá ń ka Yorùbá geere, ẹ mú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti D.O. Fágúnwà. Kò gùn, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì bẹ̀rù lójú ewé kan náà. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ mú A Wizard of Earthsea ti Ursula K. Le Guin, èyí tí ó jáde ní 1968. Ẹ lè kà á tán láàárín ọjọ́ méjì. Ọmọ tí ó tó ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ẹ fún un ní ìwé kìíní Harry Potter.

Ẹ má fi The Silmarillion bẹ̀rẹ̀ Tolkien. Ọmọ rẹ̀, Christopher, ni ó tò ó jọ tí ó sì gbé e jáde ní 1977, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí bàbá kú. Ẹni tí ó ti fẹ́ràn ayé yẹn tẹ́lẹ̀ ni ó wà fún.

Kí ni Tolkien ṣe tí gbogbo ènìyàn fi ń fi í wọn àwọn tó kù?

Èdè ni. J.R.R. Tolkien jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, ìtàn èdè sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ń hun èdè tirẹ̀ láti ìgbà èwe, ó sì wá dá ayé tí wọn yóò ti máa sọ wọ́n. Quenya àti Sindarin, èdè àwọn elf inú ìwé rẹ̀ (ẹ̀dá arẹwà tí kì í darúgbó), ní gírámà àti ìtàn ìdílé, bí èdè méjì tí ó ti ọ̀dọ̀ ìyá kan náà wá. Ìdí nìyẹn tí orúkọ òkè àti odò inú The Lord of the Rings kò fi dún bí ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ní àárọ̀ yẹn. Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa tí a máa ń wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

The Hobbit jáde ní 1937. The Lord of the Rings jáde ní apá mẹ́ta láàárín 1954 sí 1955, ṣùgbọ́n ìwé kan ṣoṣo ni ó kọ. Bébà wọ́n lẹ́yìn ogun, ni wọ́n bá gé e sí mẹ́ta. Ẹ rántí èyí bí ìparí apá kejì bá dà bí ẹni pé wọ́n já okùn lójijì.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ falẹ̀. Obìnrin inú rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jìnnà bí àwòrán ara ògiri. Éowyn nìkan ni mo rí tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára rẹ̀ dáadáa. Àwọn Orc, ọmọ ogun ọ̀tá, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi láti inú oyún, ìtàn kò sì dúró pẹ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ní ti àwọn orin inú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò kọjá, ẹ gbìyànjú kí ẹ kà wọ́n sókè kí ẹ tó dá wọn lẹ́jọ́. Etí ni ó kọ wọ́n fún.

Ìwé Narnia méje ni. Èwo ló ṣáájú?

The Lion, the Witch and the Wardrobe ni C.S. Lewis kọ́kọ́ gbé jáde ní 1950. Àwọn ẹ̀dà òde òní máa ń fi The Magician's Nephew ti 1955 ṣáájú, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ ayé Narnia ni ó sọ. Èmi fara mọ́ ti 1950. Ọmọdé tí ó gba inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wọ inú yìnyín láìmọ ibi tí ó wà, ìyanu ńlá ni. Bí ẹ bá ti ṣàlàyé ibẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀, ẹ ti jí ìyanu náà gbé.

Lewis yára, ó sì mọ bí a ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ láìfojú kéré wọn. Ṣùgbọ́n ìwàásù rẹ̀ máa ń yọ orí lábẹ́ aṣọ ìtàn, pàápàá nínú ìwé kéje. Àwọn ará Calormen, tí àwọ̀ wọn dúdú ju ti Narnia lọ, ni ó sì kó ìwà ìkà lé lórí ní ọ̀nà tí ó yẹ kí òbí bá ọmọ jíròrò.

Ṣé Harry Potter dára tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀?

Ó dára ní ibi tí àwọn aláriwo kì í sábà tọ́ka sí. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni J.K. Rowling mọ̀ jù. Ìwé méje ni, láti 1997 sí 2007, ó sì ń gbin nǹkan sílẹ̀ bí àgbẹ̀ tí ó mọ oṣù tí òjò yóò rọ̀. Orúkọ Sirius Black jẹ yọ ní orí kìíní ìwé kìíní, bí ẹni tí ó kàn yá ènìyàn ní alùpùpù. Ìwé kẹta ni a tó mọ ẹni tí ó jẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n bà jẹ́ ní ìwé kejì, ìwé kẹfà ni a tó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀kejì ni ẹ ó fi mọ iye tí ó ti sọ fún yín tí ẹ kò gbọ́.

Ìdí kejì ni ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ti gbé ilé ìwé elérò-ibùgbé ní Nàìjíríà mọ Hogwarts kí ó tó dé ibẹ̀: ilé mẹ́rin tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, àwọn prefect, tíṣà tí ó kórìíra rẹ láìnídìí, máàkì tí ẹnì kan máa pàdánù fún gbogbo ilé. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ni a ti jogún ètò yẹn.

Àléébù rẹ̀ ni pé òfin agbára inú rẹ̀ kò le. Nínú ìwé kẹta, ọmọdébìnrin kan ní ohun èlò tí ó lè dá àkókò padà, ó sì ń fi lọ kíláàsì. Tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà, ikú mélòó ni a kò bá ti yẹ̀? Òǹkọ̀wé náà rí i, ni ó bá fọ́ gbogbo wọn ní ìwé karùn-ún. Ìwé karùn-ún yẹn sì gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ó tún kọ̀wé nípa ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́yìn náà, ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, Uagadou ní Ùgáńdà, ni ó fi ṣe olórí fún gbogbo kọ́ńtínẹ́ǹtì, nígbà tí Hogwarts jẹ́ ti Bìrìtéènì àti Áílándì nìkan. Ó dun ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa, ó sì yẹ kí ó dùn wọ́n.

Pásítọ̀ wa ní ìwé oṣó àti àjẹ́ ni. Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi kà á?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣẹ̀sín, nítorí pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó dá ìjà sílẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tiwa, wizard ni oṣó, witch sì ni àjẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyá ń sọ ní ohùn rírẹlẹ̀. Nínú ìtàn àwọn ọmọ Bìrìtéènì, wizard jẹ́ bàbá arúgbó onírùngbọ̀n tí ń ran ọba lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹrù tí ó gbé kò dọ́gba. Ẹni tí ó gbọ́ ọ ní ọ̀nà tiwa kò ṣe àṣìṣe. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ nílé rẹ̀ ni ó gbọ́.

Kí ẹ kọ́kọ́ ka ìwé kìíní fúnra yín, kí ẹ tó pinnu. Ẹ sì wo èyí pẹ̀lú: Fágúnwà jẹ́ onígbàgbọ́ àti tíṣà ilé ìwé ìjọ. Ọmọ àjẹ́ ni akọni ìwé rẹ̀ kìíní, ilé iṣẹ́ ìwé CMS, ti ìjọ fúnra rẹ̀, sì ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Àwọn bàbá wa kà á ní kíláàsì, wọ́n sì tún lọ sí ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Tolkien àti Lewis náà jẹ́ onígbàgbọ́ tí kò fi ẹ̀sìn wọn ṣeré.

Ta ló mọ ọ̀rọ̀ agbára kọ jù?

Ọ̀nà méjì ló wà, mo sì mọ èyí tí mo fẹ́. Brandon Sanderson ni olórí ọ̀nà kìíní. Nínú ọ̀wọ́ Mistborn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ènìyàn ń gbé irin mì, irin kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: ọ̀kan ń fa irin mọ́ra, ọ̀kan ń tì í dànù, ọ̀kan ń fún ara lágbára, ọ̀kan ń mú ojú àti etí mú ṣáṣá. Ohun tí agbára lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe yé òǹkàwé. Nígbà tí ìjà ìkẹyìn bá dé, ìṣẹ́gun akọni dà bí ìṣirò tí ó bọ́ sí i. Ìgbádùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá ti yé wa tán, ẹ̀rù lọ. Èdè Sanderson náà sì tẹ́jú: omi tó mọ́, tí kò ní adùn.

Le Guin ni ọ̀nà kejì. Ní Earthsea, ẹni tí ó mọ orúkọ ìjìnlẹ̀ nǹkan ni ó ní agbára lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó ti gbọ́ ọlọ́fọ̀ rí, tí ó ń sọ fún ewé àti fún ejò pé òun mọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ní ìṣẹ̀dálẹ̀, kò nílò àlàyé. Ged, ọ̀dọ́ agbéraga kan, pe òkú láti fi hàn pé òun lè pè é. Òjìji kan bá a jáde, ó sì ń lépa rẹ̀ jákèjádò òkun. Bí ọ̀rọ̀ ti ń pa ọ̀rọ̀ dà lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń san owó rẹ̀. Mo gba Le Guin gbọ́ ju Sanderson lọ, nítorí agbára tirẹ̀ ti inú èdè wá, èdè ni a sì fi ń kọ ìwé.

Òun náà ní àléébù. Ohùn ìtàn rẹ̀ máa ń tutù, bí ẹni tí ó jókòó jìnnà sí iná. Nínú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́, ọkùnrin nìkan ni ó ń lọ ilé ẹ̀kọ́ agbára, òwe ìlú sì ń fi agbára obìnrin ṣẹ̀sín. Ó padà wá tún un ṣe fúnra rẹ̀ nínú Tehanu, ní 1990, ọdún 18 lẹ́yìn ìwé kẹta. N kò mọ òǹkọ̀wé púpọ̀ tí ó ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀.

Ìwé Martin kò tíì parí. Ṣé kí n ṣì bẹ̀rẹ̀?

George R.R. Martin ti gbé márùn-ún jáde nínú méje ọ̀wọ́ A Song of Ice and Fire: 1996, 1998, 2000, 2005 àti 2011. Ẹ̀kẹfà, The Winds of Winter, kò tíì jáde. Eré orí tẹlifíṣàn tí wọ́n ṣe láti inú rẹ̀, Game of Thrones, ti parí láti 2019, ó sá ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ka mẹ́ta àkọ́kọ́. Wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ibi ìsinmi, wọ́n sì tó ohun tí ènìyàn lè fi ìyókù ayé rẹ̀ rò.

Orí kọ̀ọ̀kan ni ó fi ojú ẹnì kan wò. Ẹni tí ẹ kórìíra ní ìwé kìíní, ní ìwé kẹta ẹ ó jókòó sínú orí rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀. Ó mọ bí ìjòyè ṣe ń ronú, bí gbèsè ṣe ń ba ìjọba jẹ́, bí àdéhùn ìgbéyàwó ṣe ń di ogun. Ogun àwọn ìdílé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni ó ti rí ọ̀pọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn ogun Kírìjì, láti 1877, yóò mọ àwọn ènìyàn yẹn lójú.

Ohun tí ó gbìn pọ̀ ju ohun tí ó lè ro lọ. Láti ìwé kẹrin ni oko ti borí àgbẹ̀. Ìfipábánilòpọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ohun tí ìtàn béèrè lọ. Kì í ṣe ìwé ọmọdé rárá.

The Wheel of Time tó ìwé 14. Ṣé mo lè fo díẹ̀?

Ẹ lè sáré kọjá ìwé kẹjọ sí ìkẹwàá. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Robert Jordan bẹ̀rẹ̀ ní 1990, ó sì ṣaláìsí ní 2007 kí ó tó parí. Aya rẹ̀, Harriet McDougal, tí ó tún jẹ́ olóòtú rẹ̀, ni ó yan Sanderson láti fi àkọsílẹ̀ ọkọ rẹ̀ parí iṣẹ́. Ìwé ìkẹyìn jáde ní 2013. Gbígbòòrò ni ẹwà rẹ̀, ìlú púpọ̀ pẹ̀lú ìwọṣọ àti ìṣe wọn. Gbígbòòrò náà ni ó pa á lára. Ohùn sì yí padà ní ìwé mẹ́ta ìkẹyìn: ìtàn yára, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá ìtàn kan sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó yá ẹnu ẹlòmíràn.

Ṣé n kò lè wo fíìmù kí n fi ìwé sílẹ̀?

Ti Tolkien láti 2001 sí 2003 dára gan-an, ẹ wò ó. Ṣùgbọ́n Ged inú Earthsea jẹ́ aláwọ̀ pupa-rúsúrúsú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Vetch jẹ́ adúláwọ̀, Le Guin sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ wọ́n bẹ́ẹ̀ ní 1968. Ní 2004, àwọn tí ó ṣe é sórí tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà fi aláwọ̀ funfun ṣe Ged. Òǹkọ̀wé náà bínú, ó sì kọ ìbínú rẹ̀ síta. Ẹni tí kò ka ìwé kò lè mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ọ̀wọ́ kan ni ìwé Fágúnwà márààrún?

Méjì àkọ́kọ́ so mọ́ra. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ (1938) ni ìtàn Àkàrà-Ògùn. Igbó Olódùmarè (1949) padà sí ìtàn bàbá rẹ̀, Olówó-Ayé. Ìrèké-Oníbùdó (1949), Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje (1954) àti Àdììtú Olódùmarè (1961) lè dá dúró. Ohun tí ó so ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀ ni ètò ìsọ̀tàn: ẹnì kan ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, akọ̀wé ń kọ ọ́, èrò sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Ẹ tẹ̀ lé ọdún ìjáde. Nínú ìwé kìíní, bàbá Àkàrà-Ògùn ni ó yìnbọn pa ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ àjẹ́, ìtàn sì sáré kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka ìwé kejì, tí ẹ ti rí bí Olówó-Ayé ṣe pàdé Àjẹ́dìran tí ó sì fẹ́ ẹ, ẹ padà lọ ka ojú ewé yẹn.

Fágúnwà àti Tolkien, ta ló jù?

Ọdún kan ṣoṣo ló wà láàárín The Hobbit àti Ògbójú Ọdẹ, méjèèjì sì jẹ́ ìtàn ẹgbẹ́ kan tí ó rin ìrìn-àjò eléwu lọ sí orí òkè. Kò sí ohun tí ó fi hàn pé ọ̀kan ka èkejì. Nínú The Lord of the Rings, ìgbìmọ̀ Tolkien ní elf, dwarf (aràrá), ènìyàn àti hobbit (ẹ̀dá kúkúrú). Ti Fágúnwà ní Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn, Ìmọ̀dóyè ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-Iyọ̀ tí orin rẹ̀ ń dá ìjà dúró. Òkè Lángbòdó ni wọ́n ń lọ, ọba ni ó rán wọn.

Ní ti ayé tí ó dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, tí ẹ lè fi ìka tẹ̀ lé lórí máàpù, Tolkien borí. Igbó Fágúnwà kò ní máàpù. Ewu kan tán, òmíràn dé, a kò sì lè sọ bí ibì kan ṣe jìnnà sí èkejì.

Ṣùgbọ́n ẹ ka méjèèjì sókè fún ẹni tí ó jókòó nítòsí. Gbólóhùn Fágúnwà ń gun ara wọn lórí, ó ń tò wọ́n bí ẹni ń kì oríkì, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan dá ní ìgbà márùn-ún, ìgbà karùn-ún sì ni ẹ̀rín yóò bú. Ó mọ ìgbà tí etí ń rẹ̀, ó sì mọ ohun tí a fi ń jí i. Ọ̀pọ̀ tí ń fi òǹkọ̀wé wé ara wọn ń ka òfin idán àti iye ìlú. Ohùn tí ó ń sọ̀tàn ni èmi kọ́kọ́ ń wò, nítorí ojú kan náà tí a fi ń ka ọ̀rọ̀ tí kò dùn ni oorun ń kùn. Ní ìdí èyí, mo fi Fágúnwà ṣáájú. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè bá mi fara mọ́ ọn.

Ṣé Fágúnwà kò ní àléébù ni?

Ó ní in, ó sì tóbi. Ìwàásù ni èkíní. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ní Lángbòdó, ọjọ́ méje ni wọ́n fi gbọ́ ẹ̀kọ́, òǹkàwé náà sì jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ méjèèje. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dùn. Gbogbo rẹ̀ pọ̀jù.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n wá pe Kàkó fún ìrìn-àjò, ìyàwó tí ó ń fẹ́ lọ́wọ́ dì mọ́ ọn pé kò ní lọ. Kàkó ṣá a pa, ó sì bá wọn lọ. Ìtàn fún obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó wọni lára, lẹ́yìn náà ìrìn-àjò tẹ̀ síwájú bí ẹni pé ó kàn tu koríko lójú ọ̀nà. Mo nífẹ̀ẹ́ ìwé yìí, n kì í sì í ka ibẹ̀ fún ọmọdé láìdúró kí a sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ṣé Tutùọlá jí iṣẹ́ Fágúnwà ni?

Ó yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ṣòro láti rí. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, lẹ́yìn tí Fágúnwà ti ṣe ọ̀nà. Àlọ́ tí gbogbo wa gbọ́ ni orísun àwọn méjèèjì, bíi ti ọmọge tí ó tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin dé igbó, tí ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tó ni ín títí ó fi ku agbárí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan bínú sí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Lójú tèmi, Gẹ̀ẹ́sì yẹn gan-an ni agbára rẹ̀: Yorùbá ń mí lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò ní ni ìwọ̀n. Fágúnwà mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó rọ̀. Tutùọlá ń sáré láti ojú ewé kìíní dé òpin. Bí ó bá ṣòro fún yín láti kà, ẹ wá ọ̀nà wo Ọ̀mùtí, eré tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi Yorùbá ṣe láti inú rẹ̀.

Ṣé tiwa ni ayé inú ìwé Tomi Adéyẹmí?

Apá kan. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, ìlú Salvador ní Brazil, níbi tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú ti pa òrìṣà mọ́, sì ni ó ti rí àwòrán àwọn òrìṣà tí ó ta á jí. Children of Blood and Bone jáde ní 2018, ìkejì ní 2019, ìkẹta ní 2024. Lagos, Ìbàdàn àti Ìlọrin wà lórí máàpù rẹ̀, àwọn tí ó ní agbára sì ń fi Yorùbá pe agbára wọn, pẹ̀lú àmì ohùn. Ọmọ wa kan ní òkè òkun yóò pe ọ̀rọ̀ yẹn sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láìtijú. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ó yára, ìbínú rẹ̀ jinlẹ̀, ọ̀fọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu lásán. Àmọ́ òrìṣà inú rẹ̀ dà bí àmì ẹ̀ka agbára ju bí ẹni tí ó ní ìwà, oúnjẹ àti èèwọ̀ lọ. Orúkọ akọni rẹ̀ Zélie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Tzain kì í ṣe orúkọ tí a lè wo ilé kí a sọ, àmì tí ó sì fi sórí Orïsha, orúkọ ilẹ̀ inú ìwé náà, kò sí nínú ìkọsílẹ̀ wa. Ìfẹ́ Zélie àti Inan ọmọ ọba dé lójijì. Ìwé kẹta kó wọn lọ bá ọ̀tá tuntun kí ọ̀rọ̀ ilé tó tán.

Kí ló dé tí ìwé Okorafor fi ní orúkọ méjì?

Nítorí ọ̀rọ̀ wa ni. Akata Witch (2011) ni Nnedi Okorafor pè é ní Amẹ́ríkà. Ní Nàìjíríà, What Sunny Saw in the Flames ni. Àwọn ènìyàn wa ń fi àkàtà bú adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, kò sì dára lójú páálí ìwé ọmọdé. Ọmọ Igbo ni Sunny, àfín ni, Aba ni ó ń gbé. Bí agbára ṣe wà láàárín ọjà àti bọ́ọ̀lù àti ọ̀nà tí ó bàjẹ́ ni ó dùn jù níbẹ̀. Ìjà ìkẹyìn máa ń tètè tán.

Ta ló kọ obìnrin dáadáa nínú gbogbo wọn?

N.K. Jemisin, láìṣiyèméjì. Akọni The Fifth Season (2015) jẹ́ ìyá tí ó ti lé lógójì ọdún, tí ọkọ rẹ̀ pa ọmọ wọn. Ó ń wá ọmọ tó kù nígbà tí ilẹ̀ ń ya. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọ̀wọ́ yẹn gba ẹ̀bùn Hugo ní 2016, 2017 àti 2018, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Ó ń bá akọni rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà, “ìwọ ṣe èyí, ìwọ lọ síbẹ̀”, ìyẹn sì ń lé àwọn kan sá ní ojú ewé ogún àkọ́kọ́. Ẹ fara dà á. Ìdí wà tí ó fi ṣe é.

Bí a bá fẹ́ túmọ̀ àwọn ìwé yìí sí Yorùbá, kí ni a ó pe dragon, wizard àti elf?

Dragon rọrùn: Bíbélì wa ti ń pè é ní drágónì láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ wo Ìfihàn orí 12. Wizard kò rọrùn. Bí ẹ bá pe Gandalf, wizard inú ìwé Tolkien, ní oṣó, ẹ ti bà á lórúkọ jẹ́ kí ó tó lanu. Èmi yóò pè é ní awo, ẹni tí ó mọ ohun tí àwọn yòókù kò mọ̀, tí ó sì ń pa á mọ́.

Elf ni ó le jù. Iwin ní ẹ̀rù tí elf kò ní, ẹbọra sì ní igbó tirẹ̀. Wọlé Ṣóyínká bá irú ògiri yìí pàdé láti òdì kejì, nígbà tí ó ń túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Kò fẹ́ kí irúnmọlẹ̀ di èṣù inú ìwàásù, nítorí náà ó kọ daemon ní ìkọsílẹ̀ àtijọ́, ó sì dá ọ̀rọ̀ tuntun, ghommid, sílẹ̀ fún àwọn ará igbó.

Fágúnwà fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Àgbákò jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá máa ń fi ṣàdúrà fún ọmọ tí ń rìnrìn-àjò, kí ó má bàa pàdé rẹ̀ lọ́nà. Fágúnwà mú ọ̀rọ̀ yẹn, ó fún un ní ojú mẹ́rìndínlógún, ó sì jẹ́ kí Àkàrà-Ògùn pàdé rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èmi yóò kọ́kọ́ wá kiri nínú ẹnu àwọn àgbà kí n tó kọ ẹ́lífù sílẹ̀.